Àwòrán Obìnrin Tó Kúnlẹ̀ Létí Kánáàlì

Wọ́n ti fi yẹ̀pẹ̀ dí kòtò olókúta náà báyìí. Ẹni tó bá gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ kánáàlì àtijọ́ yẹn kọjá lónìí, koríko ló máa rí, àti orí ògiri òkúta méjì tó yọ díẹ̀ lókè ilẹ̀. Ògiri náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sínú, wọ́n bá da yẹ̀pẹ̀ sí àárín rẹ̀ kó má baà wó. Kò sẹ́ni tó lè já sínú rẹ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tó lè rí i mọ́. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi jiyàn lórí bí wọn ò ṣe ní ba ògiri náà jẹ́ àti bí ògiri náà ò ṣe ní ba ènìyàn jẹ́. Nígbà tí wọ́n jiyàn tán, wọ́n pàdánù méjèèjì. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mi ò sì ní díbọ́n pé kò bí mi.

Ẹnjiníà ni mí, èyí tó ń wo ògiri àti afárá. Ní àárín àwọn ọdún 1990, ọ́fíìsì wa wà ní Beltsville, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, nínú ilé pẹlẹbẹ kan láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí, tí oko ìwádìí ìjọba sì wà lódìkejì títì. Láti Fort Washington tí à ń gbé, mo ní láti wa mọ́tò gba apá kan Beltway, títì ńlá tó yí ìlú po, láràárọ̀ kí n tó débẹ̀, bí mo bá sì fi máa dé, gbogbo èébú tí mo mọ̀ ni mo ti bú tán nínú mọ́tò. Iṣẹ́ wa ni láti yẹ afárá àtijọ́, ògiri àtijọ́ àti ojú omi àtijọ́ wò, ká sọ ohun tó ń ṣe wọ́n, ká sì sọ bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe. Àwọn tó ni kánáàlì kan, ojú omi tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀, lápá òkè odò Potomac, lẹ́yìn agbègbè tiwa, gbé iṣẹ́ wọn fún wa.

Láyé àwọn baba ńlá wọn, ìbaaka ló máa ń fi okùn fa ọkọ̀ lójú omi yẹn. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ga, wọ́n á fi òkúta kọ́ yàrá tóóró kan sójú omi, wọ́n á fi ìlẹ̀kùn igi sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ̀ á wọlé, wọ́n á tilẹ̀kùn, wọ́n á ṣí omi sí i títí omi á fi gbé ọkọ̀ náà dókè. Àwọn baba tiwa kò ní irú rẹ̀, nítorí náà yàrá omi ni mo máa ń pè é nílé. Omi ti gbẹ nínú èyí tí mò ń sọ yìí tipẹ́. Ó jìn débi pé bí ọkùnrin gíga kan bá dúró sínú rẹ̀ tí òmíràn gun èjìká rẹ̀, ẹni tòkè nìkan ló máa rí ìta. Lórí àwọn òkúta etí rẹ̀, okùn àwọn ìbaaka ti ha ipa tóóró tóóró síbẹ̀, inú ipa náà sì ń dán bí inú ọlọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ki ìka bọ ọ̀kan nínú wọn, mo dúró pẹ́ níbẹ̀. Mo ròyìn rẹ̀ fún bàbá àwọn ọmọ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, "Òkúta lásán ni gbogbo ìròyìn yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òkúta náà ni.

Kò sí irin kankan létí yàrá omi yìí tí ènìyàn lè fọwọ́ dì mú. Èèyàn á kàn máa rìn lọ lórí òkúta pẹlẹbẹ, bó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, ó parí. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń pe ìpàdé lé e lórí. Àwọn kan á ní kí wọ́n ri irin mọ́ orí òkúta. Obìnrin òyìnbó kan tó jẹ́ alámòójútó ohun àtijọ́ fún wọn á ní rárá, òkúta yẹn kò ṣeé lu níhò. Bẹ́ẹ̀, òótọ́ ló ń sọ. Bí o bá lu ihò sí i, òjò á wọ inú rẹ̀, nígbà òtútù omi náà á dì, bó bá dì á wú, á sì la òkúta náà sí méjì. Èmi fúnra mi ni mo kọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, nítorí bó ṣe rí nìyẹn. Mo ní kí wọ́n wá ri irin náà mọ́ ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn òkúta. Wọ́n ní ilẹ̀ ibẹ̀ náà kò ṣeé gbẹ́, ohun ìní àwọn ará àtijọ́ lè wà nísàlẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé irin tó dá dúró, tó ní ẹsẹ̀ wúwo, síbẹ̀ láìgbẹ́ nǹkan kan. Wọ́n ní ó burẹ́wà, pé irin ni gbogbo ènìyàn máa rí dípò òkúta. Ohun tí mo sì fẹ́ gan-an nìyẹn, kí wọ́n rí irin. Ṣùgbọ́n alágbàṣe ni wá, ìmọ̀ràn là ń gbani, a kì í pàṣẹ.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, tọkọtaya kan wà tí wọ́n ń gbé ní Clinton. Ìyàwó náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ìbàdàn ló ti wá, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru ní ilé ìtọ́jú kan, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́sàn-án. Ànńtí ló máa ń pè mí. Nígbà tó bímọ, ìyá ọkọ rẹ̀ wá láti Ìbàdàn wá bá wọn tọ́jú ọmọ, kò sì padà mọ́. Ẹni tó bá ti gbé ní Amẹ́ríkà mọ bí ìyá ọkọ ṣe ń rí nílé ọmọ: kò ní pẹ́ tí ìyàwó á fi máa sá lọ síbi iṣẹ́ kí àsìkò tó tó, ìyá á sì máa rojọ́ lórí fóònù sí gbogbo ẹbí. Àwọn méjì yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Inú abọ́ kan ni wọ́n ti ń jẹun. Bí ìyàwó bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, Màmá á ti gbé omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ kalẹ̀ kó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. "Ọmọ tí mi ò bí" ni Màmá máa ń pè é. Bí mo bá rí wọn pa pọ̀, mo máa ń jowú díẹ̀, nítorí ìyá ọkọ tèmi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, kì í ṣe ẹni tí à ń bá ṣeré.

Ìyàwó náà, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Kì í kí àgbà lóòró. Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí a ń gbé mọ́tò sí, pẹ̀lú aṣọ òyìnbó àti bàtà gíga lẹ́sẹ̀, orúnkún rẹ̀ á kanlẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí á máa wò ó tìyanutìyanu. Èmi fúnra mi, bí mo bá kàn tẹ orúnkún díẹ̀ báyìí, mo ti ṣe tán, ọjọ́ ti pẹ́ tí Amẹ́ríkà ti jẹ ìyókù.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nígbà ooru, àwọn ìdílé mélòó kan nínú ìjọ kó oúnjẹ, wọ́n lọ ṣe fàájì létí kánáàlì náà. Èmi ò sí níbẹ̀, àlejò wà nílé mi. Ìyàwó ti ibi iṣẹ́ òru bọ́ sọ́nà tààrà, ó sì débẹ̀ ṣáájú àwọn ará ilé rẹ̀. Ó dúró lórí òkúta etí yàrá omi, ó ń dúró dè wọ́n. Ọkọ rẹ̀ àti Màmá wá dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò tó ìṣẹ́jú. Ó já sẹ́yìn sínú yàrá omi, ó fi ẹ̀yìn balẹ̀ lórí òkúta. Hẹlikópítà ni wọ́n fi gbé e. Kò kú, ṣùgbọ́n láti ìbàdí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, kò mọ nǹkan kan lára mọ́.

Ọkọ rẹ̀ gbé kámẹ́rà kọ́rùn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí àwọn tó ni kánáàlì wá wádìí, wọ́n bi í pé kí ni ìyàwó rẹ̀ ń ṣe tó fi rìn sẹ́yìn. Kó tó dáhùn, ojú wọn ti wà lára kámẹ́rà. Wọ́n ní ṣé fọ́tò ni. Ó wo ìyá rẹ̀ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó káwọ́ lérí, ó sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Bó ṣe di òótọ́ nìyẹn: obìnrin kan ń ya fọ́tò, kò wo ẹ̀yìn, ó já. Ògiri kò ní àbùkù, ènìyàn ló ní. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, a gbàdúrà, a gbé oúnjẹ lọ, ṣùgbọ́n àwọn kan ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé irú fọ́tò wo lèèyàn fẹ́ yà tí kò fi ní wo ilẹ̀.

Nígbà tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́wé, wọ́n ti gbé e padà sílé ní Clinton. Ọkọ rẹ̀ ti fi pákó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síwájú ìlẹ̀kùn fún kẹ̀kẹ́ tó ń jókòó sí. Màmá ló ń wẹ̀ ẹ́, Màmá ló ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn, Màmá ló ń gbé ọmọ sún mọ́ ọn. Mo lọ kí i lọ́jọ́ kan. Bí Màmá ti wọ yàrá láti tẹ́ ọmọ sùn, ó fà mí lọ́wọ́.

"Ànńtí, office yín ló ń bá àwọn tó ni canal yẹn ṣiṣẹ́, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò ya fọ́tò. Mi ò tiẹ̀ rí camera. Màmá ni mo rí. Mi ò tíì rí wọn láti ọjọ́ Friday, torí mo wà ní work. Mo wá fẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ti sún mọ́ mi jù, ibẹ̀ há, mo ní kí n fún wọn láyè. Mo kàn gbẹ́sẹ̀ kan sẹ́yìn ni."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ tán nílé. Ara mi mọ ìgbésẹ̀ yẹn. Ìyá mi ló kọ́ mi nígbà tí mi ò tíì mọ ìwé kà: bí àgbà bá ń bọ̀, sún sẹ́yìn díẹ̀ kí o tó kúnlẹ̀, má fi orí gbá wọn níkùn. A kì í wo ẹ̀yìn ká tó ṣe é, nítorí ojú ẹni tí à ń kí lojú wa máa ń wà, ìyẹn gan-an lọ̀wọ̀. Nínú gbogbo ìpàdé tí wọ́n ṣe lórí irin yẹn, ọmọdé tó ń sáré ni wọ́n ń rò, àti ọ̀mùtí, àti ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Kò sí ẹni tó ń rìn sẹ́yìn nítorí ọ̀wọ̀ nínú ìṣirò wọn.

"Kí lo wá fẹ́ kí wọ́n ṣe?" mo bi í.

"Kí wọ́n gbé irin síbẹ̀. Àwa tá a máa ń kúnlẹ̀ kí èèyàn pọ̀ níbí, Ànńtí. Ẹlòmíì á tún já síbẹ̀. Tó bá jẹ́ fọ́tò ni wọ́n mọ̀, wọ́n á ní èmi ni mi ò ní common sense, wọn ò ní ṣe nǹkan kan."

Ohun tó fẹ́ nìyẹn. Kò ní kí wọ́n bẹ òun, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni jìyà. Irin ló fẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Màmá bẹ ẹnì kan nínú ìjọ pé kó já òun sílé wa ní Fort Washington. Obìnrin tí kì í dá lọ síbì kankan, tí kò mọ orúkọ títì ilé ọmọ rẹ̀ pàápàá, ó jókòó sí pálọ̀ mi, kò fọwọ́ kan omi tí mo gbé fún un.

"Ìyàwó mi ti sọ fún ẹ," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Fi í sínú, ọmọ mi. Fọ́tò ni wọ́n pè é, jẹ́ kó jẹ́ fọ́tò."

"Màmá, tí wọn ò bá mọ ohun tó fà á, wọn ò ní gbé irin síbẹ̀."

"Ṣé irin á gbé e dìde?" ó ní. "Ìwọ náà mọ àwọn ènìyàn wa. Ìyá ọkọ lọ bá ìyàwó létí kòtò, ìyàwó fẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ìyàwó ò dìde mọ́. Ta ló máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní pè mí ní àjẹ́? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Wọ́n á lé mi kúrò lọ́dọ̀ ọmọ yẹn. Ta ló máa wá máa yí i padà? Ọkọ ẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ méjì?"

Mo ní àwọn òyìnbó ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, pé òyìnbó ò mọ àjẹ́, pé ọ̀rọ̀ inú yàrá ìpàdé ní Beltsville kò ní dé ṣọ́ọ̀ṣì wa láéláé. Ó wò mí bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tí kò mọ̀ pé òun ń parọ́. "Ẹnu ayé lẹbọ," ó ní. Ó dìde, ó ní kí n gbé òun lọ sílé.

Mo rò ó títí orí fi ń fọ́ mi. Àgbà bẹ̀ mí, ọmọdé bẹ̀ mí, bí wọ́n sì ṣe tọ́ mi, ti àgbà ló yẹ kó lékè. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ta ló lọ? Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ló mọ ibi tó ti ń ta á. Mo tún pe ìyàwó lórí fóònù, mo bi í bóyá ó ti yí ọkàn padà. Ó ní òun mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba Màmá, ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá tún já síbẹ̀, òun ò ní lè sùn. Mo ní kò burú.

Ìpàdé náà wáyé ní ọ́fíìsì wa kí ọdún tó parí. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá mi, ọkùnrin òyìnbó jẹ́jẹ́ kan tí kì í fẹ́ wàhálà, ní kí n ṣàlàyé sí i, báwo lèèyàn ṣe ń kíni tó fi ń já sí kòtò. Mo ṣàlàyé, kò yé wọn. Mo bá dìde. Mo tẹ́ bébà kan sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo ní etí òkúta nìyí. Mo ní kí obìnrin alámòójútó ohun àtijọ́ máa rìn bọ̀ bí ẹni pé òun ni ìyá ọkọ mi. Ó rìn bọ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, mo sì kúnlẹ̀. Èmi ìyá ọmọ, ẹnjiníà, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú obìnrin tí mo lè bí ní àbíkọ́bí, ẹ̀yìn bàtà mi sì ti kọjá bébà yẹn. Gbogbo wọn rí i. Mo rò pé ó ti yé wọn.

Omi lé sí obìnrin náà lójú. Ó ní òun ò tíì rí ohun tó rẹwà tó báyìí rí.

Òótọ́ inú ló fi sọ ọ́, ohun tó dùn mí jù sì nìyẹn. Ẹni tó bá kórìíra mi, mo mọ bí mo ṣe lè bá a jà. Mo gbọn orúnkún mi, mo lọ jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn: òkúta ò ṣeé lu, ilẹ̀ ò ṣeé gbẹ́, irin ẹlẹ́sẹ̀ wúwo burẹ́wà. Ẹnì kan ní wọn ò lè máa gbé irin kalẹ̀ nítorí àṣà ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Mo ní kòtò kì í bèèrè ẹ̀yà lọ́wọ́ ẹni tó ń já sínú rẹ̀. Ọ̀gá mi wò mí pé kí n rọra. Wọ́n wá fẹnu kò pé àwọn tó ni kánáàlì máa wá ohun kan ṣe tí kò ní pa òkúta lára, tí yóò sì bọ̀wọ̀ fún àwọn ènìyàn mi. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọ kóòtù wọn.

Nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, mo lọ yẹ ògiri náà wò bí iṣẹ́ ṣe gbà. Ilẹ̀ tí kò ṣeé gbẹ́ ti wá ṣeé gbẹ́ fún òpó igi kan. Wọ́n kan pátákó mọ́ òpó náà. Lórí pátákó, wọ́n ya obìnrin kan tó kúnlẹ̀, etí kòtò wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Obìnrin mìíràn tó dàgbà jù ú lọ dúró níwájú rẹ̀, ó wé gèlè. Wọ́n wá fa ilà pupa kan kọjá lórí àwọn méjèèjì, bí àmì èèwọ̀. Gèlè náà jọ gèlè, wọ́n ti lọ wo bí a ṣe ń wé e. Ẹni tó yà á mọ iṣẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo sunkún, ìbínú sì mú mi débi pé mo fi ọwọ́ méjèèjì di òpó náà mú bóyá mo lè fà á tu. Wọ́n ti ri i jinlẹ̀.

Mo pè wọ́n lórí fóònù, mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Ó yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n rò pé inú mi máa dùn. Wọ́n ní àwọn máa gbé e yẹ̀ wò. Kí wọ́n tó gbé e yẹ̀ wò, ìdílé kan nínú ìjọ wa lọ rìn létí kánáàlì náà, wọ́n sì ya pátákó yẹn ní fọ́tò. Lọ́jọ́ Ìsinmi, fọ́tò náà ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì níbi tí a ń gbé mọ́tò sí. Obìnrin Yorùbá kan ṣoṣo ló já síbẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó nílò kí a ṣàlàyé àwòrán yẹn fún òun.

Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè kò burú: ṣé Màmá ló ń kí ni? Èyí tó tẹ̀lé e ló pa wá. Bí kò bá sí nǹkan kan nídìí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní, kí ló dé tí wọ́n fi ń purọ́ fọ́tò? Láti ibẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹnì kan rántí pé Màmá kò fẹ́ kí ìyàwó lọ sí iṣẹ́ òru. Ẹlòmíràn rántí pé Màmá kì í sùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìkòkò ìrẹsì tí Màmá gbé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì padà sílé ní kíkún. Obìnrin kan gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ Màmá níbi tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ti ń ṣeré, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń gbà á, bí ẹni pé ọmọ náà ló fẹ́ jẹun. Àwọn tó kéré sí Màmá ń kí i lókèèrè, lóòró.

Mo dìde nínú ìpàdé àwọn obìnrin, mo sọ ohun tó wà nínú mi. Mo ní èmi ni mo sọ ọ́ fún àwọn òyìnbó, ẹni tó bá fẹ́ pe ènìyàn ní àjẹ́ kó pe èmi. Mo sọ̀rọ̀ débi pé ìyá ìjọ ní kí n jókòó, pé wọn ò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni, wọn ò dárúkọ rẹ̀. Ká ní wọ́n dárúkọ rẹ̀ ni, ǹ bá rí nǹkan dì mú.

Láti Ìbàdàn, ọmọ Màmá obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pè, ó ní ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ọkọ ìyàwó, ọmọ jẹ́jẹ́ tí àárẹ̀ ti mú, ní bóyá kí Màmá lọ sinmi nílé fún ìgbà díẹ̀. Ìyàwó ní Màmá ò lọ síbì kankan. Ó kọ oúnjẹ. Ó ní ara ta ni wọ́n ń jà fún, ṣé kì í ṣe ara òun? Màmá fúnra rẹ̀ ló parí ẹjọ́ náà. Ó sọ fún mi nínú kíṣìnì wọn, ó ń fọ ìgò ọmọ lọ́wọ́, pé bí òun bá dúró, ìyàwó ò ní lẹ́nì kan tó máa wá kí i mọ́, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ ilé tí òun wà. Kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà.

Títí di òní, bí wọ́n bá tún bi mí, mo máa tún sọ ọ́. Ọmọ yẹn ní ẹ̀tọ́ pé kí a sọ bó ṣe já. Ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tí sísọ tí mo sọ ọ́ ṣe lóore, bí mo ṣe wá a tó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Màmá máa lọ, èmi ni mo wá gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ọkọ ìyàwó ń kó ẹrù sínú mọ́tò mi. Màmá ti wẹ ìyàwó, ó ti wọṣọ fún un, ó ti di irun rẹ̀. Ó ti fi han obìnrin tí wọ́n gbà láti máa wá fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, bí wọ́n ṣe ń yí i padà tí kò fi ní dùn ún. Obìnrin náà ní òun mọ̀ ọ́n ṣe, ó ń wo aago. Mo rò pé àwọn méjèèjì máa kàn dì mọ́ra ni. Màmá dúró níwájú kẹ̀kẹ́ náà, ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

Mi ò tíì rí i rí láyé mi, kí ìyá ọkọ kúnlẹ̀ fún ìyàwó. Bí àgbà bá kúnlẹ̀ fún wa, a kì í ronú: a máa sáré wólẹ̀ ni, a máa lọ sísàlẹ̀ jù wọ́n lọ, a máa fà wọ́n dìde. Ìyàwó ń wí pé, "Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi," ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ti apá kẹ̀kẹ́, ó fẹ́ já ara rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Òkè ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ìsàlẹ̀ ò dáhùn.

"Fi orí jì mí," Màmá ń wí. "Fi orí jì mí, ọmọ mi."

Mo di Màmá mú lábẹ́ apá, kò gbà kí n gbé òun dìde. Ìyàwó wá fi apá kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ orí ba, ó tún tẹ̀ ẹ́ ba sí i, títí iwájú orí rẹ̀ fi kan orúnkún ara rẹ̀, èyí tí kò mọ̀ pé nǹkan kan kan òun. Ibi tó lè kúnlẹ̀ dé nìyẹn.